"Ti" kì í ṣe plus-que-parfait: Bí Yorùbá ṣe ń fi ìtẹ̀léra ìṣẹ̀lẹ̀ hàn, àti ibi tí ògbufọ̀ ti ń ṣìnà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí kí n wá ṣe ògbufọ̀ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kan. Ìdílé méjì ló ń jà sí oko kan ṣoṣo, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ń sọ pé àwọn àgbà òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tí wọn kò gbọ́ Faransé ló wá jẹ́rìí fún ìdílé àkọ́kọ́. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ wọn nìyí:

(1) Nígbà tí wọ́n dé, bàbá wa ti gbin ọ̀pẹ síbẹ̀.

Mo kánjú, mo sì yí i sí Faransé báyìí: Quand ils sont arrivés, notre père a planté des palmiers. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Kíá ni agbẹjọ́rò ìdílé kejì dìde. Ó ní ẹlẹ́rìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́: àwọn tí òun ń gbèjà wọn dé orí ilẹ̀, ìgbà náà ni bàbá ẹlẹ́rìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gbin ọ̀pẹ kí ó lè sọ pé tòun ni. Nígbà tí mo tú ọ̀rọ̀ yìí sí Yorùbá fún bàbá, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?"

Kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí wọ́n sọ ni Quand ils sont arrivés, notre père avait déjà planté des palmiers. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa yóò mọ̀ pé àṣìṣe náà kò kéré. Àlejò tí a bá fún nílẹ̀ láti fi dáko lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n a kì í sábà gbà á láyè kí ó gbin igi tí yóò pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà ẹni tó gbin ọ̀pẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò, ẹ̀rí ńlá ló ní. Gbogbo ẹjọ́ náà wá dá lórí èwo ló ṣáájú nínú ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, dé àti gbìn. Mo tọrọ àforíjì, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ, agbẹjọ́rò sì ní ògbufọ̀ kò lè máa yí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí padà bó ṣe wù ú. Adájọ́ ní kí a tún bi bàbá léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gba àkókò gan-an kí ọ̀rọ̀ náà tó rí bó ṣe yẹ nínú ìwé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe sí ti nígbà tí wọ́n bá ń tú ìtàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́ sí Faransé. Àwọn kan kò kà á sí rárá, bí èmi náà ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn. Àwọn mìíràn ti kọ́ ọ sórí pé ti ni plus-que-parfait, níbikíbi tí wọ́n bá sì ti rí i, wọn a gbé avait síbẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ba ìtàn jẹ́ bíi ti àkọ́kọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ tí ti ń ṣe kéré sí iṣẹ́ plus-que-parfait ní apá kan, ó sì pọ̀ jù ú lọ ní apá mìíràn. Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Kí olúkúlùkù fi ẹ̀ka èdè ilé rẹ̀ wò ó.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní nǹkan kan lára

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àsìkò. Ó lọ, ó rà á, ó sùn: bí a kò bá fi nǹkan kan ṣáájú wọn, a máa ń gbọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti kọjá. Ó mọ̀, ó fẹ́ ẹ, ó ga: ìwọ̀nyí ní tiwọn, ohun tó wà báyìí ni a máa ń gbọ́ nínú wọn. Ìdí nìyí tí àwọn onígírámà fi pe àsìkò yìí ní afànámónìí.

Báwo wá ni olùgbọ́ ṣe ń mọ èyí tó ṣáájú? Ọ̀nà àkọ́kọ́, tó sì wọ́pọ̀ jù, ni pé bí a ṣe tò ó lẹ́nu ni ó ṣe ṣẹlẹ̀:

(2) Ó wọlé, ó jókòó, ó bú sẹ́kún.
(3) Ó bú sẹ́kún, ó wọlé, ó jókòó.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ nínú (2) àti (3), síbẹ̀ ìtàn méjì ni. Nínú àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, òfin náà tún le sí i. A lè sọ pé ó ra ẹran sè jẹ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé *ó jẹ ẹran sè rà. Rírà ni yóò ṣáájú, sísè yóò tẹ̀ lé e, jíjẹ ni yóò gbẹ̀yìn, nínú gbólóhùn bí ó ṣe rí nínú ilé ìdáná.

Nígbà náà, bí asọ̀tàn bá ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ bó ṣe ń lọ, kò nílò ti rárá. Ìgbà tó bá fẹ́ bọ́ sẹ́yìn ló nílò rẹ̀, ìyẹn nígbà tó bá fẹ́ dárúkọ ohun kan lẹ́yìn tó sì fẹ́ kí a mọ̀ pé nǹkan náà ló ṣáájú. Nínú (1), dé la kọ́kọ́ gbọ́, gbìn ló tẹ̀ lé e. Ti nìkan ló sọ fún wa pé gbìn ló ṣáájú. Ẹ yọ ti kúrò, gbólóhùn náà yóò sì di èyí tí mo sọ fún adájọ́.

Ibi tí a dúró sí láti wò

Hans Reichenbach, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1947, ní kí a ya àkókò mẹ́ta sọ́tọ̀ bí a bá fẹ́ ṣàlàyé àsìkò nínú èdè: àkókò tí ohun náà ṣẹlẹ̀, àkókò tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà lórí ọ̀rọ̀, àti àkókò tí a dúró sí láti wo ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹ̀kẹta yìí ní ibùwò. Plus-que-parfait sọ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé ìṣẹ̀lẹ̀ ṣáájú ibùwò, àti pé ibùwò fúnra rẹ̀ ti kọjá. Ti kò sọ ju ẹyọ kan lọ: ìṣẹ̀lẹ̀ ṣáájú ibùwò. Ibi tí ibùwò wà kò kàn án.

(4) Ó ti lọ.
(5) Nígbà tí mo dé lánàá, ó ti lọ.
(6) Nígbà tí o bá fi máa dé lọ́la, yóò ti lọ.

Faransé yóò pe (4) ní il est parti, (5) ní il était parti, (6) ní il sera parti. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni est, était àti sera, ṣùgbọ́n ti kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Lánàá àti lọ́la, pẹ̀lú awẹ́-gbólóhùn tí nígbà tí bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n gbé ibùwò lọ sí ibi tó wà. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ó ti lọ nínú ìwé tó ń tú, tó sì kọ il était parti láìwo òkè gbólóhùn, ó kàn ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún mi pé òun kì í lo avait mọ́, déjà ni òun máa ń fi rọ́pò ti. Mo rò pé ó sún mọ́ òtítọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wo bí a ṣe ń kọ̀ ọ́: òdì ó ti lọ kì í ṣe kò lọ, kò tíì lọ ni, èyí tí Faransé ń pè ní pas encore. Bí agbẹjọ́rò yẹn bá gbọ́ Yorùbá ni, tó sì fẹ́ tako bàbá, ohun tí ì bá sọ ni pé nígbà tí wọ́n dé, bàbá yín kò tíì gbin ọ̀pẹ kankan. Bó bá sọ pé bàbá yín kò gbin ọ̀pẹ, ẹ̀sùn mìíràn ló fi kàn án.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ bí nǹkan ṣe wà

Ibí yìí ni àwọn tó gbà pé ti ni plus-que-parfait ti ń ṣubú jù, n ó sì dúró lé e lórí díẹ̀.

(7) Nígbà tí mo dé, ó ti sùn.
(8) Nígbà tí mo sọ fún un, ó ti mọ̀.
(9) Nígbà tí wọ́n dé, a ti wà níbẹ̀.

Kí ni (7) túmọ̀ sí? Oorun ló ń sùn nígbà tí mo dé. Kò tíì jí. Il dormait déjà ni, kì í ṣe il avait dormi, nítorí ẹni tí a bá sọ pé il avait dormi, a máa ń gbà pé ó ti jí. Bákan náà, (8) ni il savait déjà. Ohun tí ti sọ pé ó ṣáájú ibùwò nínú irú ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ipò náà: ìgbà tí oorun gbé e lọ, ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Ipò fúnra rẹ̀ ṣì ń lọ ní ibùwò. Imparfait ló bá a mu ní Faransé, kì í ṣe plus-que-parfait.

Ẹ wá gbé (9) lọ sí ilé ẹjọ́. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ rẹ̀ sí nous y avions été, adájọ́ lè gbọ́ ọ pé ìdílé náà gbé ibẹ̀ rí, wọ́n sì ti kúrò níbẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn tó dé. Ìyẹn ni pé wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀. Nous y étions déjà ni ẹlẹ́rìí sọ: wọ́n wà níbẹ̀, wọn kò kúrò. Ẹni tó ṣe (9) báyìí kò fo ti dá bíi tèmi o. Ó rí i, ó bọ̀wọ̀ fún un, ó fi òfin tí wọ́n kọ́ ọ túmọ̀ rẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

(Lójú ọ̀nà, kì í ṣe gbogbo ti ló jẹ́ èyí tí à ń sọ. Nínú ó ti Kétu wá àti nínú ibi tí mo ti rà á, ibi tí nǹkan ti wá tàbí tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Mo ti rí ìwé ìwádìí tí wọ́n ka gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ara wọn.)

Bí ti bá ju ẹyọ kan lọ

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Gbólóhùn tèmi ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀:

(10) Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Àbọ̀mẹ̀. Glele ti kú, Béhanzin ọmọ rẹ̀ ti gorí oyè, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì sì ti fọ́ Kétu.

Ti mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì jẹ́ òótọ́: ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣáájú ọdún 1892. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí kò mọ ìtàn náà pé èwo ló ṣáájú nínú wọn. Yóò ní Glele kú, ọmọ rẹ̀ jọba, wọ́n wá lọ fọ́ Kétu. Bẹ́ẹ̀ ọdún 1886 ni Kétu fọ́, Glele ṣì wà láyé, àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ló sì ṣe é. Ọdún 1889 ló tó kú. Ti so ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ibùwò, kò so wọ́n mọ́ ara wọn. Níbi tí kò bá sì ti sí ohun tó so wọ́n, olùgbọ́ á padà sí òfin àkọ́kọ́: bí a ṣe tò ó ni ó ṣe ṣẹlẹ̀. Plus-que-parfait mẹ́ta ní ìtẹ̀léra kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Faransé. Bí a kò bá fẹ́ kọ ọdún sí i, a ní láti so wọ́n fúnra wa: kí Glele tó kú ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti fọ́ Kétu.

Ohun kan tún wà tí àwọn àgbà wa máa ń ṣe tí Faransé kò fẹ́ràn. Wọn a fi ti kan ṣoṣo bọ́ sẹ́yìn, wọn a sì máa bá ìtàn lọ níbẹ̀ láìtún lò ó:

(11) Nígbà tí àwọn Faransé wọ Àbọ̀mẹ̀, Kétu ti fọ́. Wọ́n kó àwọn ará ìlú lẹ́rú, wọ́n kó wọn lọ sí ilẹ̀ Dàhòmì, ahoro gba ìlú.

Kó àti gbà kò ní ti, síbẹ̀ Yorùbá kan kò ní rò pé ẹ̀yìn ọdún 1892 ni wọ́n kó wọn lẹ́rú. Ibùwò ti ṣí lọ sí ọdún 1886, a sì wà níbẹ̀ títí asọ̀tàn yóò fi dá wa padà. Ọ̀rọ̀ kékeré ló fi ń dá wa padà: ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, tàbí ìgbà tí ìjọba Àbọ̀mẹ̀ wá ṣubú tán, ni àwọn tó kù nínú wọn tó padà lọ tún ìlú kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tú ọ̀rọ̀-ìṣe (11) lọ́kọ̀ọ̀kan yóò kọ Kétou avait été détruite, yóò wá kọ on a emmené les habitants, ẹni tó bá kà á ní Faransé yóò sì rò pé àwọn Faransé ló kó àwọn ará Kétu lẹ́rú. Kì í ṣe àpèjúwe lásán. Mo ti rí i nínú ìwé àṣekágbá.

Wọ́n tún máa ń ṣòro láti yà sọ́tọ̀ nítorí wọ́n. Wọ́n kan náà la fi ń bọ̀wọ̀ fún bàbá, òun náà la fi ń pe àwọn ọ̀tá bàbá. Inú ìtàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti ń lọ síwájú tó ń bọ̀ sẹ́yìn, ẹ kọ orúkọ sí i.

Àwọn ìrànlọ́wọ́ ti

Kí … tó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: bàbá wa gbin ọ̀pẹ kí wọ́n tó dé. Kò nílò ti, ó sì ṣe kedere ju (1) lọ ní ti ìtẹ̀léra. Ṣùgbọ́n kò fi dá wa lójú pé ìṣẹ̀lẹ̀ kejì wáyé. Ó kú kí ó tó jẹ oyè: kò jẹ oyè náà rárá. Nígbà tí ó jẹ oyè, bàbá rẹ̀ ti kú: ó jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ yìí kò hàn nínú kí wọ́n tó dé, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n dé; ó máa ń hàn níbi tí a kò bá mọ̀.

Lẹ́yìn tí kò ní wàhálà. Tán ló yẹ kí a ṣọ́. Nígbà tí ó jẹun tán, ó jáde: tán sọ pé jíjẹ parí, ìtẹ̀léra sì jáde láti inú ìyẹn láìsí ti. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ quand il avait mangé, il est sorti. Faransé kò gbà á dáadáa, torí quand il avait mangé, il sortait ló mọ̀, ìyẹn ohun tó máa ń ṣe nígbà gbogbo. Après avoir mangé ló rọrùn jù.

Tẹ́lẹ̀ ni ó léwu jù lójú tèmi. Bí ó bá bá ti rìn, ó ń ràn án lọ́wọ́: bàbá wa ti gbin ọ̀pẹ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá dá wà, àwa la ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, olùgbọ́ lè béèrè pé ta ló wá ni ín báyìí? Ẹlẹ́rìí tó sọ bẹ́ẹ̀ lè máa wí pé tiwọn ni láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó máa wí pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ yan ọ̀kan fún un. Kí ó bi í.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ báyìí kò le. Kí n tó tú ìtàn tí a gbà sílẹ̀, mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ ibùwò sí òkè gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: "ọjọ́ tí wọ́n dé", "ìgbà ayé bàbá", "òní". Níbi tí ibùwò bá ti yí padà, mo máa ń fa ìlà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń yan àsìkò Faransé, mo sì ń wo irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé ti kí n tó kọ avait tàbí était. Bí mo bá rí ìlà tí mi ò mọ ohun tí n ó kọ sí òkè rẹ̀, mo máa ń padà lọ bá ẹni tó sọ ìtàn náà, mo sì máa ń bi í bí adájọ́ yẹn ṣe ní kí a bi bàbá: "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n dé, ṣé ọ̀pẹ ti wà nílẹ̀, àbí kò tíì sí?"

Ìdáhùn bàbá lọ́jọ́ náà ni pé ọ̀pẹ ti ń so. Akọ̀wé wò mí, ó dúró. Mo ní, les palmiers donnaient déjà.